Ìyá Tó Ní Kí A Sọ Ẹjọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Rábíátù Àjọkẹ́, ọmọ Gbàdàmọ́sí oníṣu Agoua, ọmọ a-gbin-iṣu-títí-igbó-ń-kí-i. Àjọkẹ́ a-yan-gàrí-má-jó. Ìyá Ráímì, òpó àgọ́ gàrí, a-gbẹ́jọ́-má-kánjú-dá, ọlọ́wọ́ rírọ̀ nídìí ajọ̀, ọlọ́wọ́ líle nídìí pàṣán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti kú, n kò sì mọ ìyá mìíràn yàtọ̀ sí i. Mo fẹ́ kọ nǹkan díẹ̀ nípa rẹ̀ kí n tó gbàgbé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì kẹfà ni mo ti fi í sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Savalou, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ tí a kò ká etí rẹ̀, ẹ bá mi ká a sókè díẹ̀.

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju etí agbada gàrí lọ, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ló máa ń jí mi ní Bantè, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 yẹn, ẹ kò ní gbàgbé òórùn náà. Ó ń wọ inú irun, ó ń wọ inú aṣọ ilé-ìwé, débi pé olùkọ́ wa, Mẹ̀tírì Kòjó tó wá láti Savalou, máa ń sọ pé òun lè fi imú nìkan pe orúkọ gbogbo wa. Kí n tó lọ sí ilé-ìwé, mo gbọ́dọ̀ ti bó ẹ̀gẹ́ kún agbọ̀n kan. Bí mo bá bó o nípọn jù, Ìyá á mú èèpo náà sókè, á fi hàn mí, á ní, “Síkírá, ṣé ewúrẹ́ lo ń se oúnjẹ fún?” Á sì ní kí n ha ara ẹ̀gẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kọjá lọ pẹ̀lú àpò ìwé lórí.

Èrè iṣẹ́ náà wà ní ìrọ̀lẹ́. Gàrí gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, a ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, a ó máa jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì kí ó má baà jó wa, a ó sì fi kúlíkúlí jẹ ẹ́. Títí di òní n kò tíì jẹ oúnjẹ ilé ọlọ́rọ̀ kan tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó lọ fi kóró kajú ṣeré nílẹ̀ eruku, ẹni tó bá fi tirẹ̀ gbá tẹlòmíì kúrò nínú kòtò ló ni ín. Ráímì, ọmọ Ìyá, tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, kì í jẹ́ kí n jẹ rí. Bí mo bá jẹ, á ní afẹ́fẹ́ ló gbá a.

Àgọ́ gàrí wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Akpassi. Obìnrin mẹ́rin ló ní ààrò níbẹ̀. Ìyá wà ní ààrò kìn-ín-ní. Ìyá Àlíyà wà ní ìkejì, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró sí òdìkejì odò. Ìyá Kúdírá wà ní ìkẹta, etí rẹ̀ di díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè jókòó ti Ìyá Àlíyà. Ìyá Jóṣúà wà ní ìkẹrin, opó ni, ó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, ọmọ mẹ́ta ló fi gàrí tọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ní ẹ̀rọ irin kan tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́, tí alágbẹ̀dẹ kan ní Savalou ṣe fún wọn. Ìgbà tí ẹ̀rọ náà kò tíì dé, òkúta ni wọ́n ń gbé lé àpò ẹ̀gẹ́, wọn á sì dúró títí omi rẹ̀ á fi jáde, bí ó bá wù ú. Ẹ̀rọ yẹn, ìyí mẹ́wàá ọwọ́, omi ti tán. Ìyá ló ń pín i, ẹni tí ó kàn lónìí, ẹni tí ó kàn lọ́la. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò mi nítorí èmi ni alákọ̀wé àgọ́.

Ẹ mọ̀ pé ibi tí obìnrin mẹ́rin bá ti ń yan gàrí, ẹjọ́ á máa wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti Gouka, àwọn tó ń lọ sí ọjà, tọkọtaya tó jà, gbogbo wọn ló ń yà. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá sì ní. Ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní, á sọ ọ́ bó ṣe rí. Lẹ́ẹ̀kejì, á pààrọ̀ orúkọ. Á fi orúkọ ara rẹ̀ sí ibi tí orúkọ ẹni tó ń fi sùn wà, á sì fi orúkọ onítọ̀hún sí ibi tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá sí i kí ó tó parí ìkejì. Ìyá á ní, “Gàrí kì í gba inú ajọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. A ń jọ̀ ọ́ kí ó tó dé orí iná, a tún ń jọ̀ ọ́ tó bá kúrò níbẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ènìyàn wá rọrùn ju gàrí lọ ni?” Àwọn àgbà ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyá fi tirẹ̀ kún un pé ẹni tó gbọ́ ti ẹni méjì, ṣùgbọ́n tó fi òṣùwọ̀n méjì wọ̀n ọ́n, òun ni olórí wọn.

Ara mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ bí òfin yìí ṣe ń ta. Ní ọjọ́ kan, mo ká Ráímì mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó ti jẹ ègé wàrà dídì, wàràgáṣì, méjì. Mo sáré lọ sí àgọ́. Inú mi ń dùn bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn.

“Ìyá, Ráímì jalè. Ó kó wàràgáṣì méjì jẹ nínú ọbẹ̀. Ó yẹ kí ẹ nà án.”

“Ó dáa. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

“Síkírá mú wàràgáṣì méjì nínú ọbẹ̀. Ebi ló ń pa á. Ó ti pọn omi láti àárọ̀, wọn ò sì tíì fún un ní nǹkan kan.”

Ìyá Àlíyà rẹ́rìn-ín títí ìgbákọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, “Ebi yìí, níbo ló wà nígbà tó jẹ́ Ráímì?”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ní àgọ́. Bí ẹnì kan bá ti ń ro ẹjọ́ tirẹ̀ ní ọ̀nà tó dùn, Ìyá Kúdírá tí kì í gbọ́ nǹkan kan á gbọ́ ìyẹn, á ní, “Ebi Síkírá ti dé.”

Ọdún tí wọ́n wá ní kí kálukú máa dìbò fún ẹni tó wù ú, ìlú pín sí méjì. Kí n má parọ́, n kò mọ ohun tí àwọn àgbààgbà náà ń bá ara wọn fà. Àwòrán tó wà lórí ìwé wọn ni àwa ọmọdé mọ̀. Ẹgbẹ́ kan ní àwòrán ọkọ́, èkejì ní àwòrán agbọ̀n. Ọlọ́kọ́ ni wọ́n ń pe àwọn ti àkọ́kọ́, Alágbọ̀n ni wọ́n ń pe èkejì. Àwọn ènìyàn tó ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé wá ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n tó kí ara wọn. Àní ẹnì kan ní àdúgbò wa kò fi agbọ̀n lọ sí oko mọ́, ó ń fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ di iṣu, nítorí Ọlọ́kọ́ ni. Kò sì yé mi ohun tí àwọn Alágbọ̀n fi ń kọ ebè.

Bàbá Múmúní, ọkọ Ìyá Àlíyà, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ni olórí Alágbọ̀n ní àdúgbò wa. Ó wá sí àgọ́ ní ọ̀sán kan pẹ̀lú àpò ńlá ní èjìká, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè.

“Ìyá Ráímì, ẹ gbọ́ o. Àwọn Ọlọ́kọ́ ń pín iyọ̀ láti ilé dé ilé. Wọ́n ń fi iyọ̀ ra ẹ̀rí ọkàn àwọn tálákà. Àwọn ènìyàn burúkú.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá Àlíyà. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Ó wo ilẹ̀. Ó wo àpò rẹ̀. “Àwa Alágbọ̀n ń... ń fi ọṣẹ kí àwọn ènìyàn wa.”

“Ọṣẹ wo?”

“Ọṣẹ díẹ̀. Ìkíni ni.”

“Iyọ̀ tiwọn ńkọ́?”

“Iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́, Ìyá Ráímì.”

Ìyá Jóṣúà tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní, “Bàbá Àlíyà, ẹ fún wa ní ọṣẹ náà, kí a fi fọ ẹnu ẹni tó gba iyọ̀.” Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Múmúní náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, ó fi ọṣẹ mẹ́rin sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ìyá fúnra rẹ̀ di Alágbọ̀n. Kì í ṣe ọṣẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kan nínú Alágbọ̀n ti Savalou wá pẹ̀lú mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀ ní àgọ́ wa, ó bu gàrí Ìyá sí àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ ẹ́, ó tún fi ahọ́n lá àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, òun kò jẹ gàrí bẹ́ẹ̀ rí. Ó tán. Ìyá gbé àwòrán ọkùnrin náà kọ́ sí òpó tó kọjú sí ààrò rẹ̀, ó sì ń fi eteetí aṣọ nu èéfín kúrò lójú rẹ̀ ní àràárọ̀. Ojú mi kò rí i kí ó nu ojú ọkọ rẹ̀, bàbá Ráímì, rí.

Àkókò náà ni Mẹ̀tírì Kòjó ní kí gbogbo wa fi ìwé bo ara ìwé ìkọ̀wé wa. Ẹni tí kò bá bò ó, orí eékún ni yóò ti kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí bàbá wọn ń kọ́ ilé rí ìwé àpò sìmẹ́ǹtì lò. Àwa yòókù ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó dára jù lọ ní gbogbo Bantè wà lára ògiri, ìwé àwòrán àwọn tó ń wá ìbò, ó nípọn, ó ń dán, òjò kò bà á jẹ́. Mo rò ó nínú ọkàn mi fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta mo ya ọ̀kan lára ògiri ẹ̀yìn ọjà, mo dojú rẹ̀ dé inú, mo fi bo ìwé ìṣirò mi. Ọ̀gá àwọn Ọlọ́kọ́ ni. Mo yan tiwọn nítorí mo mọ̀ pé nílé wa, a kò ní sunkún rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni àwòrán tí Ìyá gbé kọ́ kúrò lára òpó. Àlíyà rí i lára ìwé Jóṣúà ní ilé-ìwé, ó sì gbé ẹjọ́ dé àgọ́ kí a tó dé. Nígbà tí mo fi máa wọlé, Ìyá ti dìde dúró.

“Wọ́n rán ọmọ náà ni,” ló ń sọ. “Ọmọdé kì í dédé ya ojú àgbàlagbà. Ẹ̀tanú ni. Ìyá Jóṣúà, o jókòó tì mí ní àgọ́ yìí, o ń bá mi rẹ́rìn-ín, inú rẹ sì ń ṣe Ọlọ́kọ́.”

“Ìyá Ráímì, n kò rán an. Ó fẹ́ fi bo ìwé ni.”

“Títí ìbò á fi kọjá, o kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ.”

Ìyá Jóṣúà fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù sí ọjọ́ ọjà Savalou, àpò ẹ̀gẹ́ rírin mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí omi ń kán lára wọn. Bí wọn kò bá fún un, yóò kan kọjá ààlà. Kò sí oko mìíràn, kò sí ọkọ, gàrí yẹn nìkan ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ tí wọ́n sì ń wọ̀. Ó ní jẹ́ẹ́jẹ́, “Ṣé ẹ kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni?”

“Èyí kò nílò rẹ̀. Èyí hàn kedere.”

Ó yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé ẹjọ́ kan hàn kedere. Ìwé ìṣirò mi sì wà nínú àpò ní ẹ̀yìn mi. Ó wúwo bí ọlọ. Mo lọ bó ẹ̀gẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn. Mo ń rí Ìyá Jóṣúà bó ṣe ń gbé òkúta láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Akpassi, Jóṣúà àti àbúrò rẹ̀ ń yí èyí tó tóbi bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tò ó lé àpò ẹ̀gẹ́. Omi náà ń kán ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni tó ń ṣahun. Nígbà tó yan án, ó ń di kóró kóró, kò gbẹ, èéfín sì pọ̀ ju iná lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí Savalou pẹ̀lú àpò kan ààbọ̀, ó sì gbé àpò kan ààbọ̀ padà wá. Ó gbé e sílẹ̀ ní ààrò rẹ̀, ó jókòó lé e.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ ọjà náà, iná Ìyá kò jó dáadáa. Kò rí abẹ̀bẹ̀, ó na ọwọ́ sí àpò mi, ó fa ìwé ìṣirò yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í fẹ́ iná. Lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, ìwé tí mo fi bò ó tú, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀gá àwọn Ọlọ́kọ́ sì ń wo gbogbo wa pẹ̀lú irun imú rẹ̀.

Ìyá wò ó. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo ọmọ mi. Ó ya wọn. Ó da ojú ọ̀gá wọn bolẹ̀ sínú ìṣirò.”

“Ọmọ akin,” ni Ìyá Àlíyà wí, ohùn rẹ̀ dé Akpassi. “Bù fún un, bù fún un.” Ó sì fi àkàrà gbígbóná mẹ́ta sí mi lọ́wọ́. Ìyá fi ọwọ́ pa mí lórí. Mo bu àkàrà náà jẹ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò lọ. Mo rún un, mo rún un, ó dúró sí ọ̀fun mi bí kóró àgbálùmọ̀. Mo rí Ìyá Jóṣúà lórí àpò gàrí rẹ̀. Kì í ṣe èmi ló ń wò, iná rẹ̀ tó ti kú ló ń wò.

N kì í ṣe akọni ọmọ. Ẹni tó bá sọ pé akọni ni mí nígbà náà, Ráímì á ní irọ́ ni. Ẹ̀rù pàṣán ń bà mí, ẹ̀rù pé Ìyá kò ní fẹ́ràn mi mọ́ ń bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ tí a gbà tọ́ máa ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n àkàrà náà kò lọ. Mo tu ú sí ọwọ́.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

“Sọ kí ni?”

“Jóṣúà ya ọ̀gá àwọn Ọlọ́kọ́ kúrò lára ògiri, ó fi bo ìwé rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní àkàrà mẹ́ta. Síkírá ya ọ̀gá Alágbọ̀n kúrò lára òpó, ó fi bo ìwé rẹ̀. Wọ́n ní Ìyá Ráímì ló rán an. Wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ìyá Ráímì, ó gbé gàrí rẹ̀ lọ sí Savalou, ó sì gbé e padà.”

Ìyá Kúdírá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àlíyà pé kí ni mo sọ, Ìyá Àlíyà kò dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn ní ayé rẹ̀. Ìyá di ìgbákọ mú, kò rò ó. Ó ń wo òpó níbi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀. Mo wá ń gbọ́ òórùn kan tí n kò gbọ́ rí ní ààrò kìn-ín-ní. Gàrí Ìyá ń jó. Àjọkẹ́ a-yan-gàrí-má-jó, gàrí rẹ̀ ń jó, ó ń dúdú láti ìsàlẹ̀ wá, kò sì mọ̀.

Nígbà tó mọ̀, kò sáré. Ó gbé agbada sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Mo ní ọmọdé kì í dédé ya ojú àgbàlagbà. Nígbà tó jẹ́ ọmọ mi, ó di ọmọdé padà.” Ó yíjú sí Ìyá Kúdírá, ó gbé ohùn sókè kí ó lè gbọ́, ó ní, “Ebi Síkírá ti dé. Ọ̀dọ̀ mi ló wà.”

Ó rìn lọ sí ààrò kẹrin. Ó kúnlẹ̀, àgbà obìnrin, ó sì sọ ẹjọ́ náà fún Ìyá Jóṣúà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ níbi tó yẹ. Ìyá Jóṣúà ń sọ pé, “Ẹ dìde, Ìyá Ráímì, ilẹ̀ gbóná.” Kò dìde kí ó tó parí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú ìwé ìṣirò wá. Ó ní kí n pa orúkọ òun rẹ́ nídìí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ ọjà kan gbáko, kí n kọ ti Ìyá Jóṣúà síbẹ̀. Mo kọ ọ́. Nígbà tí Jóṣúà ń gba ibẹ̀ kọjá, Ìyá pè é, ó ní kí àwa méjèèjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Ó ní a ya ohun tí kì í ṣe tiwa. Ó fún kálukú ní pàṣán mẹ́ta. Nígbà tí Jóṣúà ní tèmi kò dún tó tòun, Ìyá tẹ́tí, ó rò ó, ó ní òtítọ́ ni, ó sì fún mi ní ìkẹrin. Mo kórìíra òfin náà gan-an ní ọjọ́ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òkúta ni Ìyá fi fún ẹ̀gẹ́. Nígbà tí òkúta kò tó, ó ní kí èmi àti Ráímì gorí rẹ̀ jókòó. A jókòó lórí ẹ̀gẹ́ láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, omi kíkan ń bá wa nídìí, Ráímì ń sọ fún mi pé bí mo bá ti gbé àkàrà mì bí ọmọ gidi, a kì bá tí jókòó níbẹ̀. Gàrí náà burú. Mo tẹ̀lé Ìyá lọ sí Savalou. Oníbàárà rẹ̀ kan, ọmọ ẹ̀yà Mahi, ìyá kan tó ti ń rà á láti ọjọ́ pípẹ́, bu díẹ̀ sẹ́nu, ó tu ú dànù.

“Ìyá Ráímì, kí ló ṣe gàrí yín?”

“Ìdájọ́ ló ṣe é,” ni Ìyá wí. “Ẹ dúró dè mí di ọjà tó ń bọ̀.”

A gbé e padà, a sì jẹ ẹ́. A jẹ ẹ́ ní ẹ̀bà, a mu ún, a fi ẹ̀wà jẹ ẹ́. Títí di òní, bí mo bá jẹ nǹkan kíkan, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ má rò pé Ìyá yí padà di Ọlọ́kọ́. Alágbọ̀n ló dìbò fún. Ìyá Jóṣúà, tó jẹ́ pé kò tíì mọ ẹni tí yóò yàn nígbà tí wọ́n pè é ní Ọlọ́kọ́, lọ dìbò fún Ọlọ́kọ́, ó ní wọ́n ti pe òun bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí òun kúkú jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ rìn lọ, wọ́n jọ rìn bọ̀. Ẹni tó wọlé wọlé. Ọ̀nà Akpassi kò gbọ́ ìròyìn náà, erùpẹ̀ ló ṣì wà.

Ní ayé ìsinsìnyí, ọmọ mi Fáúsíyà ń gbé fóònù sí mi létí. Ohùn kan á ní àwọn báyìí ni wọ́n ba ìlú jẹ́. Ohùn mìíràn á ní kì í ṣe àwọn wọ̀nyẹn, àwọn wọ̀nyí ni. Ohùn kan náà á yí ìlú ká nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tiwa bá ṣe é, ọgbọ́n ni. Tiwọn bá ṣe é, ìkà ni. Mo gbìyànjú òfin Ìyá ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Savalou lọ́dún kan tí ìbò ń bọ̀. Oníbàárà kan ń sọ̀rọ̀, mo ní, “Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sí i, kí ẹ tún un sọ.” Ó kó aṣọ rẹ̀, tí n kò tíì rán apá kan rẹ̀, ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ibi tí à ń jà sí náà ni a ti ń jẹun, kò sí ibi tí a ó sá lọ. Ẹni tó o bú ní òwúrọ̀, òun náà lo ń bẹ̀ fún iná ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má pọ́n ayé àtijọ́ lé jù. Nígbà náà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ní òfin yẹn ní gbogbo Bantè, òun náà sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá kú ní àṣálẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ráímì wà ní Kútọnu, kò wá wò ó ní gbogbo àkókò náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu fún un. Ìyá Jóṣúà, tó ti darúgbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, jókòó tì mí lórí ẹní ní òwúrọ̀ Jímọ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún un: pé ọmọ kan ṣoṣo ni Ráímì, pé ó gbọ́ pé ara ìyá rẹ̀ kò yá, pé ó jókòó sí ibi iṣẹ́, pé ojú rẹ̀ kò tì í. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá fi ọwọ́ kàn mí ní eékún.

“Síkírá, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Mo sọ ọ́. Síkírá, tí Ìyá gbà tọ́ bí ọmọ, gbọ́ pé ara Ìyá kò yá. Kì í ṣe Kútọnu ni Síkírá wà, Savalou nítòsí yìí ló wà, alùpùpù kan á gbé e dé Bantè kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà. Síkírá ní aṣọ ìgbéyàwó kan lọ́wọ́. Ó ní tó bá di Jímọ̀, òun á wá. Jímọ̀ dé, aṣọ náà kò tíì parí, ó ní tó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Jóṣúà kò béèrè ibi tí ebi wà.

Ráímì dé kí oòrùn tó kan àtàrí, eruku ọ̀nà bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ń dúró de pàṣán. Mo dìde, mo bu gàrí sínú abọ́, mo da omi tútù sí i, mo gbé e fún un. Ó jókòó ti Ìyá Jóṣúà, ó mu ún, ó ń sunkún sínú rẹ̀.

A sin Ìyá ní Bantè lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ọjọ́ Jímọ̀ ni.